Ilé Tí Ó Ní Táyà: Ìrìn-àjò Ìdílé Kan Láti Ọjà Tuntun, Ìlọrin, Dé Ìkògòsì

Mo fẹ́ ròhìn ìrìn-àjò kan fún yín, èyí tí èmi àti ará ilé mi rìn ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 2025. A kò lọ sí òkè òkun, bẹ́ẹ̀ni a kò wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bọ́ọ̀sì ògbólógbòó kan ni a sọ di ilé. A kó ẹní, ìkòkò, aṣọ ìbora, àwọn ọmọ mẹ́rin àti Ìyá àgbà sínú rẹ̀, a sì fi Ìlọrin sílẹ̀ láti lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ilẹ̀ Èkìtì. Ayọ̀ tí a rí níbẹ̀ pọ̀. Àṣìṣe tí a ṣe kò sì kéré, ọ̀kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wa sínú ewu, nítorínáà ni n kò ṣe lè pa ẹnu mọ́.

Ọmọbìnrin wa àgbà ni ó dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Ó ti ka ìròhìn Pelumi Nubi, ọmọ Yorùbá tí ó dá wa ọkọ̀ Peugeot kékeré kan láti Lọ́ńdọ̀nù títí dé Èkó ní ọdún 2024, ó sì ń bi mí ní àràárọ̀ pé, "Bàbá, bí obìnrin kan bá lè ti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó, kí ni ó dé tí àwa kò lè ti Ìlọrin dé Ìkògòsì?" N kò rí èsì fún un. Ní òtítọ́, àwa tí ń gbé Ìlọrin a máa lọ sí Èkó fún òkú, a máa lọ sí Ìbàdàn fún ìgbéyàwó, a máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn gbéra lọ wo òkè tàbí omi lásán, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni a kà á sí. Èmi pàápàá kà á bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti gbọ́ pé ẹnìkan kan ilé sórí kẹ̀kẹ́ fún ìgbádùn ìrìn-àjò. Ní ọdún 1885, Gordon Stables, ẹni tí ó ti ṣe dókítà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi, mú kí wọ́n kan irú rẹ̀ fún òun ní ìlú Bristol, ó sì pè é ní Wanderer, èyíinì ni Alárìnkiri. Ẹṣin méjì ni ń fà á. Ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ a máa gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ níwájú láti wo bí ọ̀nà ti rí, báyìí ni wọ́n sì ṣe rìn títí wọ́n fi dé Inverness ní ilẹ̀ Scotland. Ní 1907 àwọn tí ó fẹ́ràn irú ìrìn-àjò yìí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Nígbàtí mọ́tò wá di ohun tí mẹ̀kúnnù lè ní, àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó gba eré náà mọ́ wọn lọ́wọ́; ọ̀kan nínú wọn, Wally Byam, kó bí ogójì ọkọ̀-ilé jọ ní 1959, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú wọn láti Cape Town lọ sí Cairo, láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfríkà dé òkè rẹ̀. Lónìí ìdílé kan ní Amẹ́ríkà lè máa ti ọgbà ìpàgọ́ kan bọ́ sí òmíràn fún odidi oṣù kan. Wọ́n á bá omi ẹ̀rọ níbẹ̀, wọ́n á bá iná mànàmáná, wọ́n á bá ibi tí a ń da omi ẹlẹ́gbin sí, wọ́n á sì sùn láìfòyà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nǹkan àjèjì ni èyí fún Ìlọrin. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé ìlú yìí ní 1908, àwọn oníṣòwò tí ń gbé kánún bọ̀ láti ilẹ̀ Haúsá, tí wọ́n sì ń gbé obì padà, a máa sọ ẹrù kalẹ̀ níhìn-ín. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n ń rìn. Kí oòrùn tó wọ̀, wọn a ti wọ ibùdó, wọn a ti dáná, wọn a ti so ẹran mọ́lẹ̀. Àwọn bàbá wọ̀nyí kò ka ìwé kankan lórí ìgbádùn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun kan tí èmi kò mọ̀ nígbàtí mo ń tún bọ́ọ̀sì mi ṣe: ibi tí a ó sùn ni a kọ́kọ́ ń wá, kí a tó wá ohun tí a ó gùn.

Ọ̀ràn bọ́ọ̀sì náà dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú rẹ̀. A yọ ìjókòó ẹ̀yìn mẹ́ta jáde. Gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò wa fi pákó ṣe ibùsùn gbọọrọ kan, èyí tí a lè ṣí ojú rẹ̀ kí a kó ẹrù sí abẹ́. Ó kan àpótí oúnjẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì fi pátákó kékeré kan sí i tí a ń sọ̀ kalẹ̀ di tábìlì. Ìyàwó mi rán aṣọ ìkélé sí gbogbo fèrèsé, ó sì rán àwọ̀n ẹ̀fọn mọ́ ọn. Nígbàtí a tan fìtílà sínú rẹ̀ ní alẹ́ àkọ́kọ́ nínú àgbàlá wa, àwọn ọmọ kọ̀, wọn kò wọlé sùn mọ́. Àwọn aládùúgbò wá wò ó títí ó fi ku èmi nìkan níta.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a ó gbéra, a yà sí Ọjà Tuntun láti ra ohun tí ó kù. Mo ní kí a lo ìdajì wákàtí. Àwọn obìnrin tí ń kà mí ń rẹ́rìn-ín nísinsìnyí. A fẹ́ ra ìrẹsì, gaàrí, epo, ata gígún, òróró, ìṣáná àti kẹ́ẹ̀gì omi. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi rí ẹni tí ń ta wàrà, ó sì ní kò sí ìrìn-àjò tí ó dára láìsí wàrà díndín. Ìyá àgbà ní òun kò lè sùn lórí fóòmù, pé a gbọ́dọ̀ ra ẹní fún òun. Ẹní mélòó ni a tú wò? Ó tú mẹ́jọ. Ó fi ọwọ́ pa wọ́n, ó gbóòórùn wọn, ó ná wọn, ó fi wọ́n sílẹ̀, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Agogo mẹ́sàn-án ni a wọ ọjà. Agogo méjìlá ti lù kí a tó jáde. N kò bínú, nítorí ọjà náà dùn. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta wọ̀nyí ni a fi san gbèsè ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Àṣìṣe kejì tún wà. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá oní-lítà 25 ni mo pọn omi kún, mo sì dì wọ́n sórí òrùlé bọ́ọ̀sì. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan; nítorínáà 250 kílò ni mo gbé lé orí ọkọ̀, bí ẹni pé àgbàlagbà mẹ́ta jókòó sókè níbẹ̀. Awakọ̀ wa wò ó, ó ní, "Bàbá, ẹrù tó wúwo, ìsàlẹ̀ là ń kó o sí, àárín gbùngbùn." Mo ní kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Táyà ni ẹ̀kẹta. Tòkunbọ̀ ni mo rà sí i, ó sì ń dán bí bàtà ọjọ́ Ìsinmi. N kò mọ̀ nígbànáà pé ara táyà a máa sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí a kọ lẹ́tà DOT sí: nọ́ńbà mẹ́rin ni yóò parí àmì náà. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí a ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2315, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015 ni a ṣe é. Rọ́bà a máa gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó, oòrùn a sì máa jẹ ẹ́. Nígbàtí mo wá mọ ibi tí mo lè wò, 1411 ni mo bá lára tiwa. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìnlá.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ tí a fi gba ọ̀nà Ọ̀fà àti Òṣogbo, nítorí kì í ṣe ibẹ̀ ni ọkàn Ìyá àgbà wà. Bí a bá bi ará Kwárà léèrè ibi tí ìdílé lè kọ́kọ́ lọ wò, Òwù ni yóò dárúkọ. Ní Ọ̀wà-Kájọlà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, omi Òwù ń ti orí àpáta já bọ́ láti bí ìwọ̀n mítà 120 sókè. Ìyá àgbà, tí í ṣe ìyá ìyàwó mi, ọmọ Ìgbómìnà ni, apá ibẹ̀ ni a sì bí i sí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ní nígbàtí òun wà ní ọmọdé, bí òjò bá pọ̀, tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn, àwọn a máa gbọ́ ìró omi náà lórí ẹní ní òru. Láti ìgbàtí ó ti gbọ́ pé a ń tún ọkọ̀ ṣe, Òwù ni ó ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ìgbà ti rí. Ní 18 November ọdún 2025, oṣù kan péré ṣáájú ìrìn-àjò wa, àwọn agbébọn wọ ilé ìjọsìn Christ Apostolic Church kan ní Èrúkù, ní ìpínlẹ̀ Kwárà wa yìí, bí ìsìn ti ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa ènìyàn níbẹ̀, wọ́n sì kó olùjọsìn 38 wọ igbó lọ. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà ni ìròhìn dé pé a ti rí wọn gbà padà. Èrúkù kì í ṣe Òwù, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í wọn ilẹ̀ kí ó tó rìn, àwọn abúlé Ìfẹ́lódùn náà sì ti rí ìjìyà tiwọn lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀ràn ọgbà ẹranko Kainji ní ilẹ̀ Bọ̀rgú, níbi tí àwọn ìdílé ti máa ń lọ wo erinmi àti ẹtu ní ìgbà tí ó kọjá: àwọn ẹgbẹ́ agbébọn ti sá sínú igbó náà. Mo bá ọ̀rẹ́ kan sọ̀rọ̀ tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń wa ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà wa yẹn. Ó gbọn orí, ó ní, "Alàgbà, ẹ fi í sílẹ̀ ná."

Èmi ni mo lọ sọ fún Ìyá àgbà. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ó dára, ọmọ mi. Omi náà yóò ṣì máa dà." Lẹ́yìn náà ni ó ń tú ẹní ní Ọjà Tuntun.

A gba Àjàṣẹ́-Ìpo, a gba Ọ̀fà. Ní Ọ̀fà a yà kí ìbátan Ìyá àgbà kan, ìkíni náà sì di oúnjẹ. Ìkìrun, Òṣogbo. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ọkọ̀ mú wa ní Òṣogbo, àwọn ọmọ sì sùn lórí ibùsùn pákó wọn, inú mi sì dùn bí mo ti ń wò wọ́n nínú dígí. Nígbàtí a fi máa jáde kúrò ní Iléṣà, òjìji ọ̀pẹ ti gùn bo títì. Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti yí, mo ń mọ̀ ọ́n lára pé òrùlé ń fà wá sí ẹ̀gbẹ́. Awakọ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó ti sọ tirẹ̀ ní Ìlọrin.

Táyà ẹ̀yìn ọ̀tún bẹ́ gbàù. Ọkọ̀ náà jó lọ sí òsì, ó jó lọ sí ọ̀tún, kẹ́ẹ̀gì méjì já sílẹ̀ láti òkè, awakọ̀ sì fi sùúrù mú un títí ó fi dúró ní ẹ̀bá koríko. Kò sí ẹni tí ó fara pa. Agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Nígbàtí a yọ táyà ìpààrọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó ìdajì. Àìdáa ni mo pe èyí, nítorí mo ti wo gbogbo ohun tí ó wà nínú bọ́ọ̀sì náà, títí kan àwọ̀ aṣọ ìkélé, n kò sì wo ìyẹn.

Ìgbànáà ni awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣebí ilé lẹ pe ọkọ̀ yìí. Oúnjẹ wà, ibùsùn wà, omi wà. Ẹ jẹ́ ká fa aṣọ ìkélé, ká sùn síbí kílẹ̀ mọ́." Kí n sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ṣé kì í ṣe nítorí irú ọjọ́ báyìí ni a ṣe kan ibùsùn? Ìyàwó mi ni ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa mí sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kí àwọn ọmọ má ba à gbọ́. Ó ní, "Bàbá wọn, ilé tí kò ní ọgbà, tí kò sì ní aládùúgbò, ilé kọ́."

Àgbẹ̀ kan gun alùpùpù kọjá, ó yí padà, ó kí wa. Ó ní ilé ìjọsìn kan wà ní iwájú, kò tó máìlì méjì, tí ó ní ògiri yíká. Ó ní ká má ṣe dúró síbí. Kò sọ ìdí rẹ̀, àwa náà kò sì bi í. Láti mú kí táyà rírọ̀ náà lè gbé wa, ó di dandan kí ọkọ̀ fúyẹ́. Nítorínáà ni èmi àti ọmọkùnrin mi ṣe gun òrùlé, tí a sì ń tú omi tí a ti Ìlọrin gbé wá sínú koríko, kẹ́ẹ̀gì kan tẹ̀lé èkejì, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí omi ń ti inú àpáta tú jáde láìsan owó. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí èmi tó lè rẹ́rìn-ín. Gbogbo àgbà sọ̀ kalẹ̀ àfi Ìyá. A fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń rọra lọ bí ìyàwó tuntun, onílùpùpù yẹn sì ń tan iná fún wa níwájú. Mo rántí ọmọ-ọ̀dọ̀ Stables lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Olùṣọ́-àgùntàn ibẹ̀ kò béèrè ìjọ tí a ti wá kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn ọgbà. Ó ní kí a gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán kí n tó parí àlàyé mi. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì ni, ẹ kò lè kọ iyán fún wọn. Nígbàtí a ti ìlẹ̀kùn ọgbà náà, tí mo gbọ́ ìró àgádágodo, ni mo tó mọ̀ pé láti agogo mẹ́fà ni mo ti ń di ọwọ́ mi.

Ọyẹ́ mú púpọ̀ ní òru náà. Ọmọkùnrin wa kékeré fẹ́ kí a gbé ààrò eléèédú wọ inú ọkọ̀ kí a lè yá. Ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ sùn nínú ọkọ̀ gbọ́ èyí dáradára. Èédú tí ń jó, tàbí ẹ̀rọ amúnáwá tí ń ṣiṣẹ́ nítòsí fèrèsé, a máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí. Ó a máa gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sùn kò ní jí láti sá fún un. Níta ni kí ẹ dáná, níta ni kí ẹ fi ààrò sílẹ̀ bí ẹ bá ti sè tán. Aṣọ ìbora ni ti òtútù. A fi mẹ́ta bo ọmọ náà, ó sì sùn títí oòrùn fi là.

Ní ọjọ́ kejì a ra táyà tuntun, mo sì ka nọ́ńbà rẹ̀ fún ẹni tí ń tà á títí ó fi bínú. Kí oòrùn tó mú, a ti dé Erin-Ìjẹ̀ṣà.

Ẹ̀yin tí kò tí ì dé ọ̀dọ̀ Olúmirìn, n kò mọ bí mo ti lè sọ ọ́ fún yín. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ ó máa rìn lábẹ́ igi ńláńlá, ibẹ̀ á tutù, lẹ́yìn náà ni àpáta yóò yọ, tí omi funfun yóò máa ti orí rẹ̀ já lulẹ̀ bí ẹni tí ń da àgbo ìyẹ̀fun. Ipele méje ni, ọ̀kan lórí èkejì. Ìtàn ìlú sọ pé ọmọ-ọmọ Odùduwà kan, obìnrin tí ń jẹ́ Akínlà, ni ó kọ́kọ́ rí i nígbàtí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Ti àkọ́kọ́ rọrùn, ọmọdé lè dé ibẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, òkè ni, gbòǹgbò igi ni ẹ ó máa dì mú, àpáta a sì máa yọ̀. Èmi dé ìkejì, orúnkún mi sì bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin wa àgbà dé ìkẹrin pẹ̀lú afinimọ̀nà, ó ké sí wa láti òkè, a kò sì gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ohun kan ṣoṣo ni ó bà mí nínú jẹ́: ọ̀rá omi mímu tí àwọn àlejò ti mu tán, tí wọ́n sì jù sáàárín òkúta. Àwọn ọmọ mẹ́ta fi àpò ìrẹsì kan ṣa á títí ó fi kún, èyí tí ó kù sì ju èyí tí wọ́n ṣà lọ.

Ìyá àgbà jókòó sórí òkúta ní ìsàlẹ̀, omi ń fọ́n sí i lójú. Mo bi í pé, "Ìyá, báwo ni ẹ ti rí i?" Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Ó dára púpọ̀." Lẹ́yìn náà ó ní, "Òwù ga ju èyí lọ."

Ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ń gun òkè, ó ń yí, ṣùgbọ́n ẹrù wa ti wà nísàlẹ̀, omi kẹ́ẹ̀gì méjì péré ni a sì gbé. Ní ọ̀sán ni a wọ Ìkògòsì. Níbẹ̀ orísun omi méjì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù. Wọ́n pàdé ní ibi kan tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú ọ̀kan, kí ẹ fi ẹsẹ̀ òsì sínú èkejì, tí ẹsẹ̀ méjèèjì yóò sì máa jiyàn. Àwọn onímọ̀ tí ó ti fi ohun èlò wọn wọ̀n ọ́n rí i pé ìgbóná ti èyí tí ó lọ́ tó bí ìgbóná ara ènìyàn alálàáfíà, bí ìwọ̀n 37 tàbí 38. Kò sí iná ní abẹ́ rẹ̀ bí àwọn ọmọ ti rò. Òjò tí ó rọ̀ sórí òkè wọ̀nyí ni ó ń gba sísán àpáta wọlé, tí ó jìn lọ sí ibi tí inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gbóná. Nígbàtí ó bá sì rí ọ̀nà mìíràn, a tún gùn wá sókè kí ó tó tutù tán. Èkejì kò jìn tó bẹ́ẹ̀, òun ni kò ṣe lọ́.

Àwọn ará ìlú ti mọ omi náà láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1952 ni ajíhìnrere Baptist ará Amẹ́ríkà kan, John McGee, rí i, tí ó sì rí ohun mìíràn nínú rẹ̀ pẹ̀lú: ibi tí a lè kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sí. Àwọn Baptist sọ ibẹ̀ di ibùdó ọ̀dọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà ìjọ tí ó ti darúgbó lónìí ni ó kọ́kọ́ sùn lábẹ́ òrùlé tí kì í ṣe ti bàbá wọn ní Ìkògòsì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọgbà ìpàgọ́ ṣe, àwa ní ìdajì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. A ní pápá ilé-ìwé tí ó ṣófo ní àkókò ìsinmi. A ní ọgbà ìjọ tí ó ní ògiri, kànga, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́. Láti 1983 tí ìjọ Redeemed ti ra ilẹ̀ ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni gbogbo wa ti mọ̀ pé Yorùbá lè pàgọ́, kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì sùn kí wọ́n jí ní àlàáfíà. Kí ni ó ṣòro nínú pé kí ìjọ mẹ́wàá, láti Ìlọrin dé Àkúrẹ́, gbà pé ìdílé arìnrìn-àjò lè gbé ọkọ̀ wọ ọgbà wọn kí agogo mẹ́fà tó lù, kí wọ́n san owó kékeré fún omi àti fún ẹ̀ṣọ́? Alẹ́ kan ni mo fi kọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́.

A sùn sí Ìkògòsì fún òru méjì nínú ọgbà kan tí a sanwó fún. Ní òwúrọ̀, nígbàtí ọyẹ́ mú títí èéfín fi ń jáde lẹ́nu wa, èéfín ń gòkè lórí omi náà pẹ̀lú. Ìyá àgbà fi ẹsẹ̀ méjèèjì sínú rẹ̀, ó ká aṣọ rẹ̀ sórí orúnkún, kò sì jẹ́ kí a gbé òun kúrò fún wákàtí kan. Ó ní orúnkún òun kò dákẹ́ báyìí láti ọdún mẹ́wàá. Àwọn ọmọ ń fi omi wọ́n ara wọn. Ìyàwó mi din wàrà tí ó kù lórí ààrò, níta, mo sì gbà fún un pé kò sí ìrìn-àjò tí ó dára láìsí wàrà.

Omi Àrìntà ní Ìpólé-Ìlọ́rọ̀ kò jìnnà síbẹ̀, a sì fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Owó epo ni kò jẹ́. Láti ìparí May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìrìn-àjò ìdílé ti di ohun tí a ń fi péńsù ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ìdílé méjì bá pawọ́ pọ̀ lo ọkọ̀ kan, yóò fúyẹ́. Èyí ni a pinnu láti ṣe nígbà mìíràn.

Agogo méje òwúrọ̀ ni a kúrò ní Ìkògòsì ní ọjọ́ kẹrin. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yà sí ọjà kankan. Kí agogo méjì ọ̀sán tó lù, a ti dé Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ọ̀nà pín, tí ọ̀kan lọ sí Ìlọrin, tí èkejì sì gba Ọ̀mù-Àrán lọ sí apá ilẹ̀ wọn. Ìyá àgbà ní kí awakọ̀ dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó pe ọmọkùnrin kan tí ń ké pe èrò sínú ọkọ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ọkọ̀ ń lọ sí Ìsánlú-Ìsin?" Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Wọ́n ń lọ, Ìyá, ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni o." Ó dúró, ó wo ọ̀nà náà títí bọ́ọ̀sì mẹ́ta fi kọjá. Nígbàtí ó padà wọlé, ó ká aṣọ rẹ̀ jọ, ó jókòó, ó sì sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé, "Nígbàtí ẹ bá ń kó ẹrù yín sílẹ̀, ẹ má ṣe kó ẹní mi kúrò nínú ọkọ̀ yìí."

A kò kó o. Ó ṣì wà níbẹ̀ lórí pákó.